Àmì-ẹ̀yẹ kún ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ fóònù: Ta ni ó wọn iṣẹ́ tí wọ́n fi gbà á?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yinniyinni kí ẹni ó lè ṣe mìíràn. Òwe yìí ni ó wà nídìí gbogbo ayẹyẹ tí àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń ṣe lọ́dọọdún láti fi àmì-ẹ̀yẹ dá ara wọn lọ́lá. Ní ìlú Èkó àti ní Àbújá, inú àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Wọn yóò pe àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì kéde iléeṣẹ́ tí ó mú àrà tuntun wá jù lọ́dún náà, èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ já gaara jù, àti èyí tí ó mọ oníbàárà tọ́jú jù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìkíni kú oríire yóò gba odindi ojú ewé nínú ìwé ìròyìn, àwòrán àmì-ẹ̀yẹ náà yóò sì hàn gàdàgbà lára pátákó ìpolówó lẹ́bàá títì.

Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, tí ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta kí ìpè kan tó wọlé, ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́rùn. Ta ni ó fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ náà? Kí ni wọ́n fi wọn iṣẹ́ wọn? Ta ni ó san owó àsè alẹ́ ọjọ́ náà? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òfófó lásán. Pátákó tí a kọ àmì-ẹ̀yẹ sí wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò kí wọ́n tó pinnu síìmù tí wọn yóò rà. Bákan náà, bí ìyìn bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò tọ́ sí, ẹni tí ó ní ọgbọ́n gidi lórí ṣùgbọ́n tí kò lówó ìpolówó lọ́wọ́ yóò máa wà ní kọ̀rọ̀.

ÀRÀ TÍ Ó YÍ AYÉ ONÍBÀÁRÀ PADÀ

Kí ènìyàn tó mọ ohun tí ó yẹ ní yíyìn, ó yẹ kí ó rántí ibi tí ọ̀rọ̀ fóònù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2000, ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NITEL ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wà. Olówó, òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà àti iléeṣẹ́ ńlá ni ó ni tẹlifóònù. Tálákà ní láti lọ tò sí ọ́fíìsì NITEL kí ó tó lè bá ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, Àjọ NCC, èyí tí ó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, tí Onímọ̀-ẹ̀rọ Ernest Ndukwe sì ń darí nígbà náà, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 owó dọ́là ni wọ́n ta ẹyọ ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. MTN àti Econet san tiwọn pé. Iléeṣẹ́ kẹta, CIL, tí Mike Adénúgà wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí owó náà san bí NCC ṣe fẹ́, ìwé àṣẹ náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri.

Inú ará ìlú dùn, ṣùgbọ́n ara wọn kò gba owó náà. Náírà 50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé wọ́n ń pín ìṣẹ́jú náà wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, odindi owó ìṣẹ́jú kan ni wọn yóò yọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn ké gbàjarè pé kí wọ́n máa gba owó ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá fi sọ̀rọ̀, èsì tí àwọn iléeṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fọ̀ ni pé àsìkò rẹ̀ kò tíì tó.

Ní ọdún 2002, Adénúgà padà wá gba ìwé àṣẹ mìíràn lórúkọ Globacom. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ohun tí ó kọ́kọ́ gbé jáde ni èyí tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe: iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ènìyàn bá lò ni yóò sanwó fún. Láìpẹ́ láìjìnnà, àwọn tí ó sọ pé àsìkò kò tíì tó náà rí i pé àsìkò ti tó, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ni Globacom ṣe. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń ka ìṣẹ́jú-àáyá tipẹ́, kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ ìyókù náà sì mọ ọn kà. Ohun tí ó fa ìyípadà náà ni ìdíje, ìyẹn ni pé ẹnìkan wà tí ó ṣetán láti gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti ṣe ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ ní ọdún 2002, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń sọ pé kò ṣeé ṣe náà gbé e lọ sílé, nítorí àwọn nìkan ni ó wà lórí pápá. Àmì-ẹ̀yẹ lè sọ ẹni tí ó ṣíwájú nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀. Kò lè sọ bóyá gbogbo wọn ni ó wà lẹ́yìn.

ỌGBỌ́N TÍ Ó TI ABẸ́ AGBOÒRÙN WÁ

Àwọn tí ó kọ́kọ́ mú kí fóònù dé ọwọ́ tálákà kò sí nínú ọ́fíìsì kankan. Àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé tábìlì sí abẹ́ agboòrùn ní ìkóríta, ní ibùdókọ̀ àti lẹ́nu géètì iléèwé ni. Wọ́n ra fóònù kan ṣoṣo, wọ́n ń ta ìpè fún ẹni tí kò lágbára àtira síìmù, nígbà tí síìmù ṣì jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ kékeré ń fi owó oṣù rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ìlú kọ́ ara wọn ní fíláàṣì: ìpè ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé mo ti délé, ìpè ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé kí o pè mí padà. Wọ́n sọ ohun tí kò mówó lọ di ọ̀nà ìránṣẹ́. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó pe ẹni tí ó dá a sílẹ̀ wá sórí pèpéle, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ orúkọ rẹ̀.

Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, irú ọgbọ́n ìgboro bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé wá gbà tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn ní Uganda àti Kenya ti ń fi owó ìpè ránṣẹ́ sí ara wọn bí ẹni fi owó ránṣẹ́: ẹni tí ó wà ní ìlú ńlá yóò ra káàdì, yóò ka nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹni tí ó wà lábúlé, onítọ̀hún yóò sì tà á fún ẹlòmíràn gba owó sọ́wọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ Vodafone, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Bìrìtìkó, gbé ètò kan lọ sí Kenya ní ọdún 2005, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí àwọn tí ó yá owó kékeré máa fi fóònù san gbèsè wọn padà. Àwọn oníbàárà lo ètò náà tán, wọ́n sì yí i sí ohun mìíràn: wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹbí wọn. Àwọn tí ó ni ètò náà ní làákàyè, wọ́n tẹ̀lé ohun tí oníbàárà ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2007 ni Safaricom gbé M-Pesa jáde; pesa ni wọ́n ń pe owó ní èdè Swahili.

Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn The Economist fún Nick Hughes àti Susie Lonie, àwọn òṣìṣẹ́ Vodafone tí wọ́n darí iṣẹ́ náà, ní àmì-ẹ̀yẹ lórí àrà tuntun tí ó ran àwùjọ lọ́wọ́. Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ jù lọ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Tavneet Suri àti William Jack, ló ọdún púpọ̀ nídìí ìwádìí láàárín àwọn ìdílé ní Kenya, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ Science ní ọdún 2016 pé M-Pesa ti yọ ìdílé tí ó tó 194,000 kúrò nínú ìṣẹ́, èyí tí í ṣe ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í ti orí pèpéle òtẹ́ẹ̀lì wá. Inú ilé àwọn tí ó ń lo ohun náà ni wọ́n ti lọ kà á.

Nàìjíríà ńkọ́? Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà owó orí fóònù jáde ní ọdún 2009, kò gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láàyè láti ṣáájú iṣẹ́ náà. Ó ní kí àwọn báńkì àti àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣe é. Ọdún 2018 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún irú báńkì kékeré tí iléeṣẹ́ fóònù lè ní, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni MTN àti Airtel sì tó gba àṣẹ pátápátá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá lórí M-Pesa nígbà náà. Ohun tí ó dí ọ̀nà kì í ṣe àìsí ọgbọ́n, kì í sì í ṣe àìsí àmì-ẹ̀yẹ. Òfin ni. Ìyẹn fi hàn pé bí a bá ń wá ohun tí ó ń mú àrà tuntun dàgbà, ó yẹ kí ojú tó òfin àti ìdíje kí ó tó kan ife wúrà.

TA NI Ó Ń FÚNNI?

Oríṣi mẹ́ta ni àmì-ẹ̀yẹ inú iṣẹ́ yìí pín sí, ó sì yẹ kí ònkàwé mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ara wọn.

Èkíní ni èyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà ń fún ara wọn. Èyí tí ó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni ti GSMA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ fóònù lágbàáyé, tí wọ́n máa ń fúnni níbi ìpàdé ńlá wọn ní Barcelona, orílẹ̀-èdè Spain. Ìlú Cannes ní Faransé ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Barcelona ní ọdún 2006. Wọ́n máa ń pe àwọn onímọ̀ láti ìta wá ṣe ìdájọ́, ìyẹn sì dára. Síbẹ̀, ọjà ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ àti ẹni tí ó ń rà á ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Oníbàárà tí ó ń sanwó ìpè kò sí láàárín wọn.

Èkejì ni èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn olùṣètò ayẹyẹ ń gbé kalẹ̀ nílé. Nínú irú rẹ̀ ni ìṣòro pọ̀ sí jù. Ibi tí owó ayẹyẹ bá ti jẹ́ ti onígbọ̀wọ́, tí onígbọ̀wọ́ náà sì wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá, tí wọ́n ń ta tábìlì fún àwọn tí orúkọ wọn jáde, tí a kò sì rí ìwé kan tí ó sọ bí wọ́n ṣe yàn wọ́n, ìyìn ti di ọjà níbẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ó gba irú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó ra tábìlì kò ṣeé dá mọ̀ mọ́, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ gan-an ni ó sì pàdánù jù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń fúnni lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Gordon Bell Prize, tí wọ́n ń fún àwọn tí ó bá mú kí kọ̀ǹpútà alágbára yanjú ìṣirò ńlá. Ní ọdún 1989, Philip Emeagwali, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́ ní ọdún 1954, wà lára àwọn tí ó gbà á. Ó lo ẹ̀rọ Connection Machine, tí kọ̀ǹpútà kéékèèké 65,536 so kọ́ ara wọn nínú rẹ̀, láti fi ṣe ìṣirò bí epo rọ̀bì ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì fún un lápá ti iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù ní ìwọ̀n owó tí wọ́n ná. Dọ́là 1,000 ni owó rẹ̀. Nígbà tí Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà, wá sí Àbújá ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ó dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn níwájú àwọn aṣòfin.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn wá fi àmì-ẹ̀yẹ yìí ṣe ni ó yẹ kí a kíyè sí. Ọ̀pọ̀ ìwé iléèwé àti ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní bàbá íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì-ẹ̀yẹ náà kò sọ bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Vinton Cerf àti Robert Kahn ni wọ́n kọ ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 1973 lọ. Ohun tí Emeagwali ṣe tó ìyìn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ̀ ẹ́ lójú ni ó mú kí àwọn ènìyàn wá máa jiyàn lórí ohun tí ó ṣe gan-an. Nítorí pé àwọn tí ó fún un kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè padà lọ wò ó, kí ó sì mọ òótọ́. Àmì-ẹ̀yẹ tí a kò kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó PẸ́ KÍ Ó TÓ YÉNI

Àbùkù mìíràn tí ayẹyẹ ọdọọdún ní ni pé ohun tí ó jáde lọ́dún náà ni ó ń rí. Ní ọdún 1966, Charles Kao, tí wọ́n bí sí Shanghai tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé bí a bá lè fọ dígí mọ́ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú okùn rẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Nobel, ọdún mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn náà. Lórí okùn dígí yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé ń rìn lónìí.

Lórí rẹ̀ náà ni Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́ gbé iṣẹ́ tirẹ̀ kà. Obìnrin onímọ̀-ẹ̀rọ yìí, ọmọ Ilé-Olújìí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kàwé ní Ifẹ̀ kí ó tó lọ sí Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà. Ó dá MainOne sílẹ̀ ní ọdún 2008, ó sì wá owó tí wọ́n fi tẹ́ wáyà abẹ́ òkun tí ó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal wá sí Èkó. Ọdún 2010 ni wáyà náà gúnlẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, iléeṣẹ́ Equinix kéde pé òun yóò ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 owó dọ́là. Ibi tí iṣẹ́ yìí wà, ojú kò tó o. Ẹni tí ó ń wo fídíò lórí fóònù rẹ̀ ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun ni ó ń gbà.

Àwọn ènìyàn mọ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Ní ọjọ́ yẹn, wáyà mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà létí òkun Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì wọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, owó kò ṣeé fi ránṣẹ́ ní àwọn báńkì kan, oníṣòwò dúró ti ọjà rẹ̀ kò rí i tà. Ẹni tí ó ti ronú ṣáájú, tí ó pèsè ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ohun tuntun kankan tí ó lè gbé sójú kámẹ́rà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn ni ó yẹ kí àmì-ẹ̀yẹ wá lọ, òun gan-an ni kì í sì í rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èdè rí. Láti ìgbà tí fóònù ti dé, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá tí ó ní àmì ohùn lórí rẹ̀ ti ń jìyà. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àjọ tí ó dá sílẹ̀, ALT-I, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè Áfíríkà. Kọ́lá Túbọ̀sún dá àkójọ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìyìn dé fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè ní ọdún 2016, orílẹ̀-èdè Ítálì ni ó ti wá, ìyẹn Premio Ostana, àmì-ẹ̀yẹ àwọn òǹkọ̀wé ní èdè abínibí. Kì í ṣe ọwọ́ iléeṣẹ́ fóònù ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó ń ta ìpè àti dátà fún àwọn tí ó ń sọ èdè náà.

OHUN TÍ ÌWÉ ÌTANRÀN SỌ

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń wọn iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ yìí láìsí orin àti ijó. Àjọ NCC ní ìwọ̀n tí ó là sílẹ̀ fún wọn: ìpè mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ wọlé, mélòó ni ó lè já lójijì láàárín ọ̀rọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, àjọ náà rí i pé MTN, Globacom, Airtel àti Etisalat, èyí tí ó di 9mobile ní ọdún 2017 tí ó sì ń jẹ́ T2 láti ọdún 2025, kò dé ìwọ̀n náà. Bílíọ̀nù kan ó lé mílíọ̀nù 170 náírà ni ó bù lé gbogbo wọn lápapọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ó bu owó ìtanràn tí ó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé MTN nítorí síìmù tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí kò ní àkọsílẹ̀ tí ó péye. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí ó fi wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 330 ní oṣù kẹfà ọdún 2016.

Kò sí pátákó kan lẹ́bàá títì tí wọ́n kọ ìwọ̀nyí sí. Ẹni tí ó ń ka ìpolówó nìkan yóò rò pé gbogbo wọn ni ó ṣíwájú, kò ní mọ̀ pé gbogbo wọn náà ni wọ́n ti bu owó ìtanràn lé rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nígbà tí NCC gbà kí wọ́n fi owó kún owó ìpè àti dátà títí dé ìdajì iye tí ó wà tẹ́lẹ̀, ìdí tí wọ́n sọ ni pé owó tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ ti ga. Ìdí náà ní ìtumọ̀, nítorí epo díísù àti owó dọ́là ti gbówó lórí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san owó tí ó pọ̀ sí i ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ń rà, àmì-ẹ̀yẹ tí kò ní òǹkà nínú kò sì lè sọ fún un.

Ìbò kan tilẹ̀ wà tí àwọn oníbàárà máa ń dì láìsí ẹni tí ó pè wọ́n. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni NCC ti fi àyè gba ènìyàn láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Iye ẹni tí ó kúrò àti ibi tí wọ́n lọ jẹ́ ohun tí àjọ náà ń kà, tí ó sì ń gbé síta. Ìwé kékeré yẹn, tí kì í ní àwòrán kankan, sọ ju ohun tí ife-ẹ̀yẹ mẹ́wàá lè sọ lọ.

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ ÀTI ÀTÚNṢE

Ìwà àìdọ́gba ni yóò jẹ́ bí a bá sọ pé kí wọ́n fòpin sí gbogbo àmì-ẹ̀yẹ. Fún ọ̀dọ́ tí ó dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Yábà tàbí ní Abẹ́òkúta, tí kò ní ẹbí olówó, tí kò mọ ẹnìkan ní báńkì, àmì-ẹ̀yẹ tí ó ní láárí lè jẹ́ ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí olówó yóò wò kí ó tó dá a lóhùn. Ó ń sọ fún àwọn ìyókù náà pé iṣẹ́ ọpọlọ lérè. Nítorí rẹ̀ gan-an ni kò fi yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di yẹpẹrẹ.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn olùṣètò ṣe kò le. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n síta kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ òǹkà tí olúkúlùkù ní síta lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá dá owó ayẹyẹ má sí nínú àwọn tí a ń dájọ́ fún. Kí àmì-ẹ̀yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó dára jù dúró lórí ìwọ̀n tí NCC ní lọ́wọ́, kí ẹni tí ó bá sanwó ìtanràn lórí iṣẹ́ náà lọ́dún kan má gba ìyìn lórí rẹ̀ lọ́dún kan náà. Kí wọ́n ya ipò sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ń tún wáyà ṣe, àwọn tí ó mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé abúlé tí èrè kò sí, àti àwọn tí ó mú kí ẹ̀rọ gbọ́ èdè wa. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n padà wo àwọn tí wọ́n dá lọ́lá ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí wọ́n sọ èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n gbé jáde.

Ojúṣe ti oníbàárà náà wà níbẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Nígbà tí pátákó ìpolówó bá tún sọ pé iléeṣẹ́ kan ni ó gba ipò kìn-ín-ní, kí ònkàwé béèrè pé láàárín àwọn ta, lọ́wọ́ ta, àti lórí òǹkà wo. Láti ọdún 2001 títí di òní, kò tíì sí àrà kan tí ó dé ọwọ́ tálákà nídìí iṣẹ́ fóònù tí kì í ṣe pé ẹnìkan kọ́kọ́ béèrè fún un, tí àwọn tí ó ń ta ọjà sì rí i pé bí àwọn kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é.